Bí Irunmú Ajá Ṣe Jẹ́rìí ní Ìlú Omidì

Ẹ sún sábẹ́ òjìji igi ọ̀pọ̀tọ́ yìí, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà da èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe wúkọ́ rẹ̀ tán. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́ kí a máa fi èkejì gbọ́ ariwo ọjà. Bí mo bá sọ ọ́ débì kan tí ó ga jù yín lọ, ẹ má bá mi jiyàn. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ẹfọ̀n, Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga, aláyà bí òkúta, tí ìbọn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹran kan. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dára tó, ẹnu rẹ̀ dára jù ú lọ. Bí ó bá pa òkété nínú oko, kí ó tó délé òkété á ti di ìmàdò. Bí ó bá pa ìmàdò, kí ẹ yáa wá àga jókòó, nítorí erin ni yóò wọ̀lú.

Ó ní ajá kan tí ó fẹ́ràn ju ẹyinjú rẹ̀ lọ, ajá pupa onírunmú gígùn. Ẹnu-dùn-ún-ròfọ́ ló sọ ọ́, Ròfọ́ ni gbogbo ìlú sì ń pè é. Ajá yìí ló fi eyín wọ́ Ọdẹ́gbàmí jáde nínú odò lọ́jọ́ tí ẹfọ̀n kàn án sínú omi. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé bí Ọdẹ́gbàmí bá ki ara rẹ̀ lẹ́sẹ kan, á ki ajá lẹ́sẹ mẹ́ta.

Ní ọdún kan ọyẹ́ mú débi pé ètè àgbà là, ètè ọmọdé là. Àwọn ọdẹ jókòó nídìí ẹmu, Ọdẹ́gbàmí sì ń ròyìn igbó tí ó ti dọdẹ dé. Àlàbá, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ìfárí, gbé igbá ẹmu kalẹ̀.

“Ọdẹ́gbàmí, o ní kò sí igbó tí o kò dé?”

“Kò sí!”

“Ilé ọyẹ́ gan-an ń kọ́, níbi tí òtútù yìí ti ń dìde wá?”

“Ilé ọyẹ́ kẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé mi ni! Èmi àti Ròfọ́ á lọ, a ó sì bọ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná!”

Ó ti sọ ọ́ kí etí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ọdẹ wo ojú ara wọn, wọ́n ní ó dára, kí ó lọ. Wọ́n ní kí Àlàbá bá a lọ, kí ó lè fojú rí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí Ọdẹ́gbàmí bá dá nìkan lọ, ìròyìn tí yóò gbé bọ̀ kò ní gba ẹnubodè ìlú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Wọ́n rìn, ilẹ̀ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Igbó tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, iwin kan ló ń gbé ibẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní. Ó ń sùn lórí ọ̀kan, ó ń fi ọ̀kan bora. Iwin náà dìde, ó na gàgà sójú ọ̀nà.

“Ta ló ń fi gìgísẹ̀ ènìyàn gún mi nínú ilé?”

Ẹlòmíì ì bá ti bẹ́ sígbó. Ọdẹ́gbàmí ti fìlà sẹ́yìn, ó kó ẹ̀mí sínú, ó ké:

“Èmi ni! Èmi tí igbó ń rí tí ó ń di pápá! Ẹ wo Ròfọ́ ajá mi, ajẹ-ẹfọ̀n-tìwo-tìwo, ajá tó jẹ àmọ̀tẹ́kùn láàárọ̀ tó fi ìrù rẹ̀ ta eyín lọ́sàn-án! Ohun tí ẹ bá wá nílùú tí ẹ kò rí, inú ajá mi ni kí ẹ lọ bi!”

Iwin wo ajá. Ajá yán. Ni iwin bá rí gbogbo eyín ẹnu rẹ̀, ó ká etí méjèèjì bí aláṣọ ṣe ń ká aṣọ, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Àlàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. “Ajá tó ń sá fún àkùkọ ìyá mi!”

“Rọra o. Iwin ò mọ àkùkọ ìyá rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la igbó kejì kọjá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la ìkẹta. Oríkì Ròfọ́ di kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọ̀bẹ tó bá ti bẹ́ iṣu, bẹ́ ẹran, olówó rẹ̀ á rò pé yóò bẹ́ òkúta.

Nígbà tó yá, igi tán. Ilẹ̀ funfun lọ súà títí kan ojú ọ̀run, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í wọ̀. Ó kàn ń yí ilẹ̀ po bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Omi òkun ti dì, ó le gbagidi, ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, orí erin kan sì yọ láti abẹ́ yìnyín. Erin onírun ni o! Irun rẹ̀ gùn bí koríko òrùlé, eyín rẹ̀ méjèèjì sì ká bí ìwo àgbò. Ó ti kú kí bàbá ńlá bàbá ńlá wa tó dé ilé ayé, òtútù ni kò jẹ́ kí ó rà.

Erin náà ní, “Ẹ dáhùn kí ẹ tó kọjá. Kí ló gba ẹnu wọlé, tí kò gba ibì kankan jáde?”

Ọdẹ́gbàmí kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ọ̀rọ̀ tí àgbà gbé mì!”

Erin rẹ́rìn-ín títí yìnyín fi sán. “Ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ò gbé ọ̀rọ̀ mì rí, mo rí i lójú rẹ. Oúnjẹ ni. Púpọ̀ rẹ̀ jáde lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ jókòó, ó di ìwọ. Koríko tí mo jẹ nígbà èwe mi, nígbà tí ibí yìí jẹ́ pápá, ó wà nínú eyín mi títí dòní. Ẹ máa lọ. Àwọn tí ẹ ń lọ bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi eyín léèrè.” Ó padà wọlẹ̀.

“Kí ló ń wí?” Àlàbá bi í.

“Ó bẹ̀rù ajá ni,” Ọdẹ́gbàmí dáhùn.

Wọ́n dé Ìlú Omidì. Yìnyín ni wọ́n fi kọ́lé, awọ ẹran onírun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì gbọ́ èdè wa. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n lálejò, wọ́n fún wọn ní ẹja àti iná, wọ́n sì fún Ròfọ́ náà ní ẹja. Wọ́n sinmi níbẹ̀ títí irunmú ajá fi yọ gùn sí i, kí ọba tó ráyè pè wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun kan nípa ìlú yìí kí n tó tẹ̀ síwájú. Wọn kò ní oríkì. Wọn kì í pọ́n ènìyàn, wọn kì í pọ́n ẹranko. Bí ará Omidì bá sọ pé yìnyín ibì kan ti nípọn, odindi ìdílé ni yóò gùn ún pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù. Bí ó bá fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti pa wọ́n. Nítorí náà bí ohun kan ṣe mọ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí wọ́n bá sì gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà á.

Àwọn ọdẹ wa kò mọ èyí. Olómidì, ọba ìlú náà, jókòó lórí awọ béárì, ẹranko ńlá funfun tó ń dọdẹ lórí yìnyín òkun, ojú ọba sì le. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó ti fìlà sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ajẹ-ẹfọ̀n-tìwo-tìwo, ajẹ-àmọ̀tẹ́kùn. Ó wá fi ohùn gbé e sókè:

“Kábíyèsí! Ohun tí ẹ bá wá nílùú tí ẹ kò rí, inú ajá mi ni kí ẹ lọ bi!”

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Olómidì dìde. “Àgbọ̀nrín funfun mi sọnù. Òun ló ń ṣáájú agbo, òun ló ń mú wọn gba ibi tí yìnyín ti le. Ẹ̀jẹ̀ nìkan la rí nínú ọgbà. A wá a, a kò rí i. Inú ajá rẹ ló wà?”

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín. “Háà, Kábíyèsí, oríkì ni o!”

“Kí ni oríkì?”

“À ń sọ nǹkan kó tóbi ju bó ṣe wà lọ, kí orí ẹni lè wú.”

“Irọ́ ni, nígbà náà.”

“Rárá o! Oríkì kì í ṣe irọ́!”

“Òótọ́ ni, nígbà náà. Ẹ de ajá.”

Kí Ọdẹ́gbàmí tó wí pé kí ni èyí, wọ́n ti fi okùn awọ de Ròfọ́. Òfin ìlú ni pé ẹni tó bá jẹ ẹran aṣáájú, abẹ́ yìnyín ni yóò lọ nígbà tí oòrùn bá yí dé orí òkè ìlà-oòrùn. Oòrùn náà kò sì jìnnà sí òkè mọ́. Wọ́n ti ń gbẹ́ ihò. Ròfọ́ ń ju ìrù. Ó rò pé eré ni.

Àlàbá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọ̀rẹ́, yìnyín kọ́ ló fẹ́ pa ajá yìí. Ẹnu rẹ ni.”

“Ṣé ìgbà ìyẹn nìyí, Àlàbá? Ṣé ìgbà ìyẹn nìyí?”

“Sọ fún wọn pé o parọ́.”

“Mo ti sọ pé kì í ṣe irọ́! Bí mo bá yí i padà, ẹnu méjì ni mo ní. Ta ni yóò gba ìkejì gbọ́?”

Ni obìnrin arúgbó kan bá là wọ́n kọjá, ó ga, ó wọ awọ dúdú, gbogbo èèyàn sì ń yà fún un. Ìyá Oníwọ̀n ni, onídàájọ́ ìlú. Bí ó bá ti wọn nǹkan, ọba fúnra rẹ̀ kì í wí mọ́. Ó wo Ọdẹ́gbàmí láti òkè délẹ̀.

“Ẹnu ti jẹ́rìí. Ara kò tíì jẹ́rìí. Ẹnu lè ṣì sọ. Irun kì í ṣì sọ. Olówó ajá nìkan ló lè ní kí n wọn ajá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ̀n ọ́n, gbogbo ohun tí ó jẹ láti ilé rẹ títí dé ibí ni n ó kéde ní gbangba, kò sí èyí tí n ó fi bò. Ṣé kí n wọ̀n ọ́n?”

Ọdẹ́gbàmí mọ ohun tí ajá náà ń jẹ nílé. Gbogbo ọdẹ Òkè-Ẹfọ̀n mọ ohun tí wọ́n ń fún ajá: ẹran jẹ́ ti olówó ìbọn, itan jẹ́ ti baálẹ̀, ajá sì ń lá ẹ̀jẹ̀ orí ewé, ó ń padà sílé lọ jẹ àjẹkù. Ó wo Àlàbá, ẹnu tí yóò gbé e délé. Orúkọ tó ti fi ọdún mọ́dún kọ́ ń mì bí ilé amọ̀ nínú òjò. Ó wá wo Ròfọ́. Ajá náà jókòó létí ihò, ó ń wo omi dúdú tó wà nísàlẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn wò ó bí ẹni tó ń bi í pé, ‘Ṣé kí n tún bẹ́ sí i nítorí rẹ?’

“Wọ̀n ọ́n!” Ọdẹ́gbàmí kígbe. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n kíákíá!”

Áà, ẹ̀ bá ti wà níbẹ̀! Gbogbo ìlú tú jáde. Ìyá Oníwọ̀n gé irunmú kan lára ajá, ó gé e sí kéékèèké. Ó ní, “Irunmú ń gùn láti ìdí. Ṣóńṣó rẹ̀ ni oúnjẹ àtijọ́, ìdí rẹ̀ ni oúnjẹ àná.” Wọ́n gbé eyín erin onírun kan jáde, wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ kó di ihò, ó ká bí ọ̀nà orí òkè. Wọ́n fi òkúta òòfà ńlá sí ibi kọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi abọ́ yìnyín méjì sí ẹnu ọ̀nà àbájáde.

“Nínú gbogbo ohun tó ń jẹun ni àwọn ìbejì wà,” Ìyá Oníwọ̀n sọ fún àwọn àlejò. “Orúkọ kan, ojú kan, ìwà kan. Ọ̀kan kàn wúwo ju èkejì lọ díẹ̀. Wọn kì í kú, wọn kì í rà, wọn kì í gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n bá wọlé.”

Àlàbá fò sókè. “Táyé àti Kẹ́hìndé! Ìyá mi bí wọn, ó bí Ìdòwú, kó tó kan èmi. Ó ní ojú òun kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àfi bí òun bá pọ̀n wọ́n, ẹ̀yìn òun á mọ èyí tó jẹ́ Kẹ́hìndé!”

“Ẹ̀yìn ìyá rẹ gbọ́n ju ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ lọ,” Ìyá Oníwọ̀n wí, ó sì fi iná sí irun.

Èéfín wọ inú eyín erin. Táyé fúyẹ́, òòfà fà á ya kọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Kẹ́hìndé wúwo, ó ń bá eré rẹ̀ bọ̀ bí àgbàlagbà tí kò lè tètè yà, ó lọ kọlu ẹ̀gbẹ́ òdìkejì. Abọ́ kan ń dún kín-ín kín-ín, èkejì ń dún gọ́n-ún gọ́n-ún. Ìyá Oníwọ̀n tẹ́tí.

“Ìbejì èédú rèé, ìbejì tó wà nínú ohun tí iná sun dúdú. Ẹni tó bá jẹ àgbọ̀nrín wa, tí àgbọ̀nrín jẹ ewé ilẹ̀ wa, Kẹ́hìndé rẹ̀ kì í pọ̀. Kẹ́hìndé ti ajá yìí pọ̀! Láti ṣóńṣó dé ìdí, kò jẹ àgbọ̀nrín.”

Ariwo ta! Ọdẹ́gbàmí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ẹran inú òkun ló máa ń ní Kẹ́hìndé èédú púpọ̀! Ó ti ń jí ẹran òkun wa jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ àgbọ̀nrín!” Ni ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu Ọdẹ́gbàmí. Oòrùn ti fẹnu kan òkè.

“Ẹ dákẹ́. Mo ní ìbejì mìíràn, ìbejì inú ẹran ara. Tiwọn dà bí àkàsọ̀. Ẹni tó jẹ ewé dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó jẹ ẹni tó jẹ ewé gun òkè ìyẹn. Béárì tó ń jẹ àwọn ajẹja wà ní téńté.” Ó tún fi iná sí irun. Abọ́ dún. Ó fà sẹ́yìn, ó tún un ṣe, ó tún fà sẹ́yìn.

“Ní ìdí irun, ó ti gun àkàsọ̀: ẹja tí a fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó wá, àlejò, kò gun nǹkan kan. Kò jẹ ẹfọ̀n. Kò jẹ àmọ̀tẹ́kùn. Ibi tí ewúrẹ́ ń dúró ni ajá rẹ dúró sí!”

“Ewúrẹ́ tó ń gbó!” ẹnìkan kígbe, ìlú bú sẹ́rìn-ín, àwọn ilé yìnyín ń mì.

“Èédú rẹ̀ wúwo bí ti òkun, ẹran ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ajewé. Kò sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Kí ni ajá yìí ń jẹ?”

Gbogbo ojú yí sí Ọdẹ́gbàmí. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé orí sókè.

“Ẹ̀kọ ni,” ó wí. “Ẹ̀kọ àgbàdo. Láàárọ̀ àti lálẹ́.”

Àlàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Olómidì sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn. Ròfọ́ fò mọ́ Ọdẹ́gbàmí láyà, àwọn méjèèjì ṣubú yakata sórí yìnyín, ọdẹ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ta ló wá jẹ ẹran mi?” ọba bèèrè.

Ìyá Oníwọ̀n fa irun funfun kan yọ lápò. “Irun béárì yìí há sí ọgbà. Ẹ kò wò ó, nítorí ẹni tó bá ti rí ajẹ́wọ́ kì í wá olè mọ́.” Ó sun ún, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sun eegun béárì àtijọ́ tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ dídì, ó gbọ́ tìyẹn náà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Béárì ìgbà àwọn bàbá wa, inú òkun nìkan ni wọ́n ti ń jẹ, téńté àkàsọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ti òní, ṣóńṣó irun rẹ̀ ṣì wà ní téńté. Ìdí rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹran orí ilẹ̀ ló ń jẹ báyìí. Yìnyín tó ń dúró lé dọdẹ lójú òkun ń tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Kábíyèsí. Ebi ló gbé e wọgbà yín.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọba ní kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n sì gbé ọgbà àgbọ̀nrín kúrò létí omi lọ sí orí òkè, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ ń yọ́ kì í ṣe ẹni tí à ń tì sábẹ́ yìnyín.

Ó wá yíjú sí Ọdẹ́gbàmí. “Ẹnu rẹ fẹ́ pa aláìṣẹ̀. O ní kì í ṣe irọ́?”

“Kábíyèsí, n kò mọ ohun tí n ó pè é mọ́.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ tí ìwọ kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. O kò ní kúrò ní ìlú yìí títí Ìyá Oníwọ̀n yóò fi wọn irun ajá yìí, tí irun rẹ̀ yóò bá ẹnu rẹ mu. Ìwọ ni yóò máa dọdẹ, òun ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni tìrẹ.”

“Èmi ń kọ́, Kábíyèsí?” Àlàbá bèèrè.

“Ìwọ ni yóò máa jẹ́rìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí o, ẹ̀yin ará mi. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ́gbàmí kọ́kọ́ rí ẹran pa nílẹ̀ náà, ó kúnlẹ̀ lórí yìnyín, ó gé ibi tó sanra jù lọ nínú itan, èyí tí à ń gbé fún baálẹ̀, ó gbé e síwájú Ròfọ́. Àlàbá ń gbé itọ́ mì. Ajá gbóòórùn ẹran, ó sì fà sẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń wo ojú olówó rẹ̀, ó ń retí kí ó jẹun tán kó lè rí ewé lá.

“Jẹ ẹ́,” Ọdẹ́gbàmí wí.

Ajá kò mira.

Ọdẹ tí iwin ń sá fún wá fi orí kan yìnyín níwájú ajá. “Tìrẹ ni, bàbá mi. Jẹ ẹ́.”

Ròfọ́ na ọrùn, ó bu ẹran náà jẹ.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Ẹ bù mí lómi, ọ̀fun mi ti gbẹ.